Ọ̀gá Tó Ń Pè Mí Ní Ẹ̀gbọ́n

Ohun tí mo kọ́kọ́ béèrè lọ́jọ́ tí mo dé yáàdì àwọn onítírélà ni ìdí tí àárín tírélà wọn fi ga. Láti kékeré ni mo ti ń rí tírélà, mi ò kàn fara balẹ̀ wò ó rí ni. Èyí tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ mi níṣẹ́ kò ní ẹ̀gbẹ́, kò sì ní òrùlé. Pẹpẹ irin gígùn kan ni wọ́n gbé lé orí táyà, òun ni wọ́n fi ń kó irin ìkọ́lé, páìpù, pákó àti ẹ̀rọ tí kò ṣeé kó sínú ọkọ̀ míì. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo di ojú kan, mo sì fi ojú kejì tọ pẹpẹ náà láti ẹ̀yìn lọ síwájú. Àárín rẹ̀ wú sókè díẹ̀. Mo ní irú kí nìyí, ṣé ó ti tẹ̀ ni?

Ọkùnrin tó fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kó ẹrù lé e ná, sà."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, wọ́n fi kéréènì to irin lé pẹpẹ náà. Mo tún padà lọ bẹ̀rẹ̀, mo tún di ojú kan. Ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn tó ṣe é ti mọ̀ pé ẹrù ń bọ̀ wá tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ti gbé àárín rẹ̀ sókè dè é láti ibi tí wọ́n ti ń jó irin rẹ̀ pọ̀. Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yìí débi pé nígbà tí mo délé, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Nígbà kejì, ó ní òun ti gbọ́.

Bí mo ṣe rí nìyẹn. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí lọ́jọ́ náà, ìbéèrè ò sì tíì tán lẹ́nu mi. Ìyá mi máa ń sọ pé bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà ọ̀run, màá kọ́kọ́ béèrè ẹni tó kun ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́dà kí n tó wọlé.

Kí n tó dé yáàdì yẹn, ilé ìtẹ̀wé kan ní Bájúláyé ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún. Bọ́ọ̀sì kékeré kan tí wọ́n ti tú ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń wà. Màá kó bébà wá, màá kó ìwé tí wọ́n bá ti tẹ̀ lọ fún àwọn tó ni ín: kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé rìsíìtì. Ṣómólú, Bàrígà, Akọka, Yábàá, Mushin, ibi tí ayé mi mọ nìyẹn. Àmọ́ mo máa ń ka ohun tí mo bá kó, orúkọ ìlú ló sì máa ń dá mi dúró. Jẹ́bà, Bídà, Lọ́kọ́ja, Gúsáú. Màá jókòó sínú bọ́ọ̀sì, màá máa ka àdírẹ́sì tó wà lára kàlẹ́ńdà, màá máa rò ó pé irú erùpẹ̀ wo ló wà níbẹ̀, kí ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá, mi ò sì kọjá Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Tí a bá lọ kí àwọn ará ilé lọ́dún, tí ọkọ̀ bá ti já wa sílẹ̀, màá dúró máa wo ọ̀nà tó lọ sí apá Ìlọrin títí ìyá mi á fi pè mí.

Nígbà tí ọ̀gá mi ta àwọn ẹ̀rọ rẹ̀, tó sì lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ lókè òkun, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n gba kẹ̀kẹ́ kí n máa fi kó èrò. Mi ò fẹ́ wa nǹkan tí kò ní kọjá Fadéyì. Alájà kan wà tó jẹ́ oníbàárà wa nílé ìtẹ̀wé. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n, tírélà mẹ́fà ni wọ́n ní, yáàdì wọn sì wà ní Bàrígà, ní apá ibi tí ọ̀sà ti sún mọ́ ilé. Mo lọ bá wọn. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní mo ti dàgbà jù fún ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́. Mo ní mo ní láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ńlá. Wọ́n ní, "Láísẹ́ǹsì kọ́ ló ń wa tírélà, my brother."

Àmọ́ wọ́n gbà mí. Àṣà yáàdì yẹn ni pé ẹni tuntun á fi oṣù mẹ́ta bá awakọ̀ kan rìn. Tó bá ti pé, Alájà á pe àwọn méjèèjì jọ, wọ́n á sì bi olùkọ́ léèrè níṣojú ẹni tó ń kọ́: ṣé kí n gbé ọkọ̀ fún un? Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kọ́kọ́rọ́ ti dọ́wọ́ rẹ nìyẹn, o ti di awakọ̀ ọ̀nà jíjìn. Bó bá ní rárá, Alájà ló máa pinnu bóyá wàá tún un ṣe tàbí wàá máa lọ sílé. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kì í béèrè ní ìkọ̀kọ̀. Wọ́n ní, "Ẹni tí kò bá lè sọ ọ́ lójú ẹ, èmi ò ní gbà á gbọ́ tó bá sọ ọ́ lẹ́yìn ẹ."

Olùkọ́ tí wọ́n fún mi jẹ́ ọmọ Ṣakí, ó sì fi ọdún mẹ́rìnlá kéré sí mi. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi wa tírélà. Kò ga, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀, ó sì ní ẹ̀kọ́ ilé débi pé ó ń tì mí lójú nígbà míì. Ní àràárọ̀, kó tó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ọkọ̀, á kọ́kọ́ wá dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ níwájú mi, á fọwọ́ kan ilẹ̀. "Ẹ kú àárọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ṣé dáadáa lẹ jí, sà?" Òun ni ọ̀gá, èmi ni mò ń kọ́ṣẹ́, síbẹ̀ òun ló ń dọ̀bálẹ̀. Kí n má parọ́, mo gbádùn ẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlógún tí mo fi jẹ́ ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́, ó dùn mọ́ mi kí ẹnì kan máa pè mí ní ẹ̀gbọ́n láàárín àwọn táyà ńlá yẹn.

Ìyàwó mi ni inú rẹ̀ ò dùn. Igbóbì ló ti ń ṣiṣẹ́, nílé ìwòsàn àwọn tí eegun wọn kán, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń tọ́jú ilẹ̀ wọ́ọ̀dù. Nígbà tí mo sọ fún un pé tírélà ni mo fẹ́ lọ wà, ńṣe ló jókòó. Ó ní, "Bàbá wọn, àwọn tí tírélà bá kọ lù, ta lẹ rò pé ó ń nu abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn?" Ó ní òun ò ní kí n má ṣe é, ohun kan ṣoṣo lòun ń bẹ̀ mí, kí òun má débi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan kí òun bá ẹni tí èmi kọ lù níbẹ̀. Mo ṣèlérí fún un. Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Iṣẹ́ náà gbà mí lọ́kàn gan-an. Gbogbo ohun tí mo rò pé mo mọ̀ nípa ọkọ̀, níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé bọ́ọ̀sì ni mo mọ̀. Tí bọ́ọ̀sì bá fẹ́ yà sí ọ̀tún, á yà sí ọ̀tún. Tírélà á kọ́kọ́ lọ sí òsì bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, kó tó wá yà. Tó o bá fẹ́ fi ẹ̀yìn rìn, ibi tí o ò fẹ́ kó lọ ni wàá yí ọwọ́ sí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń fi ẹ̀yìn rìn lọ lu àgbá òfìfo tí wọ́n tò fún mi nínú yáàdì, àwọn awakọ̀ yòókù á sì gbé àga wá láti wòran. Ọ̀kan nínú wọn ní òun ò tíì rí ẹni tó mọ ojú àgbá tó bẹ́ẹ̀ rí.

Táyà náà ní tirẹ̀. Méjì méjì ni wọ́n so pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ti inú bá sì ti jò, ti ìta á gbé e dúró, o ò ní mọ̀. Ìdí nìyẹn tí olùkọ́ mi fi máa ń fi ọ̀pá irin kékeré kan lù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láàárọ̀. Èyí tó kún á dá ọ̀pá náà padà pẹ̀lú ohùn tó le. Èyí tó ti ń jò á dún bùù, bí ìgbà tí èèyàn lu tìmùtìmù. Mo gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì lu táyà gbogbo tírélà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, títí Alájà fi yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ní ta ló ń dá wa láàmú.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni bẹ́líìtì. Àwọn ẹrù kan wà tó jẹ́ pé bẹ́líìtì fífẹ̀ ni wọ́n fi ń dì wọ́n, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n irin. Tí ọkọ̀ bá ti ń sáré, atẹ́gùn á máa gbọn bẹ́líìtì náà, á máa ké, á sì máa jẹ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí olùkọ́ mi ń ṣe ni pé á yí bẹ́líìtì náà po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó tó fà á le. Ó parí. Kò ní ké mọ́. Mo bi í pé ta ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ó ní òun ò mọ̀. Mo ní ta ló kọ́ ọ. Ó ní ẹni tó kọ́ òun. Mo ní ta ló kọ́ ìyẹn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Lóṣù kejì, a kó irin lọ sí ọ̀nà òkè. Nígbà tí a gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá tí a ò yà, mo na ọrùn síwájú. Mo ń wo ọ̀nà tí mo ti ń wò láti kékeré, ó sì ń wọ abẹ́ ọkọ̀ wa. Ní Jẹ́bà, mo ní kó dúró fún mi, mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ wo Odò Ọya. Mo ti gbé orúkọ ìlú yẹn sínú bọ́ọ̀sì lára kàlẹ́ńdà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi pé omi ibẹ̀ fẹ̀ tó báyẹn. Mo rò ó nínú mi pé bí wọ́n bá fún mi lọ́kọ̀, mo fẹ́ rí gbogbo ìlú tó wà lára kàlẹ́ńdà yẹn kí n tó kú. Olùkọ́ mi dúró dè mí lórí ìjókòó, kò fọn fèrè, kò sì béèrè ohun tí mo ń wò.

Bó ṣe ń kọ́ni ni mo fẹ́ sọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Kò sọ fún mi rí pé mo ṣe àṣìṣe. Tí mo bá yí jíà tó dún gàràgàrà, á wojú ìta, á ní, "Àwọn kan máa ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì wọlẹ̀ dáadáa." Tí mo bá sún mọ́ gọ́tà jù, á ní, "Àwọn kan máa ń fi àyè sílẹ̀ níbí yìí, sà." Bí mo bá ti gbọ́ "àwọn kan", mo ti mọ̀ pé èmi ni. Ọmọ Yorùbá ni mí, ó yé mi. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odidi. Tí inú mi bá dùn, màá jẹ́ kó di odidi. Tí inú mi ò bá dùn, màá fi í sílẹ̀ ní àbọ̀ tó wà.

Ọjọ́ kan wà lóṣù kejì yẹn kan náà, tí mo di pákó sórí ọkọ̀, mo sì lọ tọ̀. Nígbà tí mo padà dé, mo bá a lórí pẹpẹ, ó ń tú ohun tí mo dì, ó ń tún un dì. Inú bí mi. Mo ní ṣé iṣẹ́ ọwọ́ mi ò dáa ni? Ṣé o ò lè dúró kí n dé ni? Mo pariwo débi pé àwọn yòókù gbọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ wéré, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n má bínú, òun kàn ń wò ó ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ ni àti rárá lọ. Láti ọjọ́ náà, kò fọwọ́ kan ohun tí mo bá dì mọ́. Mo rò pé mo ti fi hàn án pé mo mọ iṣẹ́.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí oṣù mẹ́ta mi pé nígbà tí wọ́n ní ká kó páìpù omi lọ sí Akọka, sí ibì kan tí wọ́n ti ń kọ́ ilé tuntun. Bàrígà sí Akọka, ta ni ò mọ̀ ọ́n? Mo ti ń sọ fún ìyàwó mi pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kó máa retí ohun tí mo máa mú bọ̀ láti Bídà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, olùkọ́ mi wọ ọ́fíìsì Alájà lọ gba ìwé ẹrù, mo sì pinnu pé kó tó jáde, màá ti di páìpù náà parí.

Ẹyọ ẹyọ ni wọ́n to àwọn páìpù náà, wọn ò dì wọ́n ní ìdìpọ̀. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀, bí olùkọ́ mi ṣe máa ń ṣe é ni pé kó tó na ẹ̀wọ̀n irin sórí wọn, á kọ́kọ́ gba abẹ́ gbogbo wọn ki bẹ́líìtì kan, á fi yí wọn po látòkè látilẹ̀, á sì fún un. Ọ̀já ló ń pe bẹ́líìtì yẹn, torí bí ìyá ṣe ń fi ọ̀já gbá ọmọ mọ́ra ló ṣe ń gbá páìpù mọ́ra. Mo ti rí i kó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Iṣẹ́ gbáà ni, wàá fi ẹ̀yìn wọ́lẹ̀ lábẹ́ irin, ìpáàrà irin á kún ọ lójú. Nílé ìtẹ̀wé wa, a ò ṣe irú ẹ̀ rí. Bébà tó wúwo tó ẹṣin, okùn méjì la máa nà sórí rẹ̀, a ó fà á le sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó tán. Èyí tó wà lókè á tẹ èyí tó wà nísàlẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún, bébà kan ò bọ́ lọ́wọ́ mi rí. Mo na ẹ̀wọ̀n mẹ́rin sórí páìpù náà, mo fà wọ́n le títí wọ́n fi ń dún. Mi ò fi ọ̀já sí i.

Olùkọ́ mi jáde, ó yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró lẹ́yìn, ó wo ojú ihò àwọn páìpù náà, ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú bẹ́líìtì kan látorí ìkọ́, ó ń fi ọwọ́ pa á lára. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà Akọka yẹn ní búmpù o. Àwọn kan tún máa ń fi ọ̀já sí páìpù, kódà tí kò bá jìnnà."

Mo ní, "Akọka níbí? Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ síbẹ̀ nígbà tí wọn ò tíì bí ẹ."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ó sì dá bẹ́líìtì náà padà sórí ìkọ́.

Èmi ni mo wa ọkọ̀. Ó jókòó tì mí. Nígbà tí a dé tòsí ọ̀nà yunifásítì, ọkọ̀ dúró níwájú, àwa náà dúró, kẹ̀kẹ́ kan sì wá fara mọ́ ẹ̀yìn wa. Ọ̀nà là. Mo tẹ iná, mo gun búmpù. Mo wá gbọ́ ìró kan tí mi ò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí mo ti wọṣẹ́ náà. Irin ń wọ́ lórí irin, kò pariwo, ó kàn gùn. Olùkọ́ mi ní, "Dúró! Dúró!" Kò fi sà sí i.

Mo bọ́ sílẹ̀, mo sáré lọ sẹ́yìn. Páìpù kan ṣoṣo ti yọ jáde láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó gùn ju apá mi méjèèjì lọ, ó sì ti wọ gíláàsì iwájú kẹ̀kẹ́ yẹn. Ẹ̀gbẹ́ etí òsì ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ náà ló gbà kọjá. Bàbá kan ni, irun rẹ̀ ti funfun, kò kó èrò kankan. Ó ṣì di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, kò lè jù ú sílẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ kún fún ìfọ́ gíláàsì. Ó ń wò mí, ó ní, "Wetin I do una? Kí ni mo ṣe fún yín?" Ohùn rẹ̀ kéré, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Mo rí ìyàwó mi lójú inú mi pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àti aṣọ ìnulẹ̀.

Mo fẹ́ sọ ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bójú mu. Mo lọ fọwọ́ kan ẹ̀wọ̀n mi. Mo fẹ́ mọ̀. Ẹ̀wọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin le koko bí mo ṣe fà wọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ wo inú ẹrù náà, mo wá rí i. Àwọn tó wà lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ẹ̀wọ̀n dì mú. Àwọn tó wà láàárín, kò sóhun tó dì wọ́n mú rárá. Bébà tẹ́, á fi gbogbo ara lé ẹgbẹ́ rẹ̀. Páìpù rí roboto, ibi tó ti kan ẹgbẹ́ rẹ̀ ò fẹ̀ ju ìka lọ, àyè sì wà láàárín wọn tó fi lè yọ́ jáde. Ó yé mi yékéyéké. Mo dúró síbẹ̀ tí ó ń yé mi, bàbá yẹn sì ń gbọ̀n lẹ́yìn mi.

Àwọn ọmọ yunifásítì ti pé lé wa lórí, fóònù wà lọ́wọ́ wọn. Ẹnì kan ń pariwo pé, "Who tie this thing? Ta ló di ẹrù yìí?" Olùkọ́ mi ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú bàbá náà, ó ń fi ọwọ́ ṣa ìfọ́ gíláàsì kúrò lára rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Èmi ni mo dì í. Ẹ foríjì mí." Mo gbọ́ ọ. Ẹnu mi wà lórí mi, mi ò là á.

Alájà sọ lórí fóònù pé ká gbé bàbá náà lọ sọ́dọ̀ dókítà, àwọn á sì tún kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe. A gbé e lọ; awọ ojú rẹ̀ nìkan ni gíláàsì ha díẹ̀. A ti páìpù náà wọlé, olùkọ́ mi wọ́ abẹ́ ẹrù lọ lójú títì níbẹ̀, ó fi ọ̀já sí i, a sì kó o dé ibi tí à ń kó o lọ. Nígbà tí à ń padà, òun ló wa ọkọ̀.

Mo ní, "Kí ló dé tó o fi ní ìwọ ni?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni, Alájà á kàn ní kí n lọ jókòó sílé fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á bínú tán. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ó ku ọjọ́ mẹ́rin..." Kò parí rẹ̀.

Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Bí mo bá ti lè pa ẹnu mi mọ́ di ìrọ̀lẹ́, kọ́kọ́rọ́ á bọ́ sí mi lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo rò ó, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Láti Akọka dé Bàrígà ò jìnnà, àmọ́ mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, mo sì ti ń kó ẹrù lọ sí Gúsáú lọ́kàn mi.

Mo wá bi í pé, "Ṣé o ti rí i láàárọ̀ pé kò dáa?"

"Mo rí i, sà."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Mo sọ ọ́, sà."

"O ò sọ ọ́!" Mo tún ti ń pariwo.

Ó wo ojú ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni ẹ ṣe fẹ́ kí n sọ ọ́? Ọjọ́ tí mo fọwọ́ kan ohun tí ẹ dì, gbogbo yáàdì ló gbọ́."

Ojú tì mí. Kì í ṣe ìtìjú tí èèyàn ń fi ẹ̀rín bò. Ó wọ̀ mí lára. Èmi ni mo kọ́ ọmọ yìí pé kó máa dákẹ́, ó kọ́ ọ, ó sì yege.

Alájà jókòó sábẹ́ páànù iwájú ọ́fíìsì nígbà tí a wọlé. Wọn ò kí wa. Wọ́n ní, "Ta ló di ẹrù yẹn?"

Olùkọ́ mi ní, "Èmi ni, Mummy."

Mo ní, "Irọ́ ló ń pa, mà. Èmi ni mo dì í. Ó sọ fún mi, mi ò gbọ́."

Alájà yíjú sí olùkọ́ mi. Wọ́n ní, "Mi ò ní dúró de ọjọ́ mẹ́rin mọ́. Mo fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ mi báyìí. Ṣé kí n gbé ọkọ̀ fún un?"

Òógùn bo ọmọ náà. Ó wo ilẹ̀, ó wo Alájà, ó tún wo ilẹ̀. Mo rò pé á ní àwọn kan máa ń ṣe báyìí, àwọn kan máa ń ṣe báyẹn. Àfi bó ṣe gbójú sókè, tó wò mí lójú kòrókòró, ohun tí kò ṣe rí láti oṣù mẹ́ta.

Ó ní, "Rárá, Mummy. Ẹ má tíì gbé ọkọ̀ fún wọn. Ọwọ́ wọn dáa lójú ọ̀nà. Ojú wọn sì mú, gbogbo nǹkan ni wọ́n ń béèrè. Àmọ́ mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n béèrè ibi tí àwọn fúnra wọn ti ṣe àṣìṣe."

Ó dùn mí dé eegun. Mo fẹ́ bínú, mo wá ìbínú náà lọ wá a bọ̀, mi ò rí i. Òótọ́ ni. Mo ti bi wọ́n ní ìdí tí pẹpẹ fi ga, mo ti béèrè ẹni tó kọ́kọ́ yí bẹ́líìtì po, mi ò bi ẹnikẹ́ni ní ìyẹn rí láyé mi, wọn ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi nílé ìtẹ̀wé, ìyàwó mi ò gbọ́ ọ nílé.

Alájà ní, "O gbọ́ ohun tó sọ. O lè máa lọ sílé, o sì lè tún oṣù mẹ́ta ṣe. Mo lè fi ọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíì tí ojú ara yín bá ti ń tì yín."

Mo ní ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ wà.

Nígbà tí Alájà wọlé lọ, àwa méjèèjì dúró síbẹ̀. Ó tún ti fẹ́ máa bẹ̀ mí, ó ti ń tẹ orúnkún, mo di apá rẹ̀ mú. Mo ní, "Níbo ni mo tún ti ṣe ohun tí kò dáa láti oṣù mẹ́ta yìí?"

Ó wò mí bóyá mò ń ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín, ó mí kanlẹ̀, ó jókòó lórí táyà àlòkù kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìka ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí àtàǹpàkò.